Ibi Tó Tẹ́jú fún Máṣíìnì Bàbá Mi

Ohùn màmá mi lórí fóònù ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn kò ní ìbínú kankan nínú, ohun tó sì já mi láyà nìyẹn. Tí màmá mi bá ń pariwo, ọ̀rọ̀ ṣì wà tí èèyàn lè bá wọn sọ. Tí wọ́n bá ti ń rọra sọ̀rọ̀, wọ́n ti pinnu tán. Wọ́n ní kí n wá wo Bàbá lọ́la, nítorí onírin ń bọ̀ lọ́sàn-án, ó sì máa gbé máṣíìnì lọ.

Onírin ni ọkùnrin tó máa ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò wọn ní Iléṣà, tó ń ra páànù tó ti dógùn-ún, fíríìjì tó ti kú àti irin oríṣiríṣi. Máṣíìnì ni alùpùpù àtijọ́ tí bàbá mi ti ń gùn láti ìgbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí táǹkì epo rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé mi sí tí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, màmá mi á sì wà lẹ́yìn, wọn á fi ọwọ́ kan di gèlè mú, wọn á fi èkejì di Bàbá mú. Mo mọ ìró máṣíìnì yẹn ju ìró agogo ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Mo bi màmá mi bóyá Bàbá ti gbà.

"Mi ò bi wọ́n bóyá wọ́n gbà," ni wọ́n wí. "Uná á jó ulé yìí, ẹ ó wá máa bi mí pé ibo ni mo wà."

N kò lè dá wọn lẹ́bi. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni máṣíìnì máa ń sùn nítorí olè, ìdí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà sì ni màmá mi ti ń fi èédú dáná tí òjò bá ń rọ̀. Láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni epo bẹntiróòlù ti ń kán láti abẹ́ máṣíìnì náà. Lọ́jọ́ kan, màmá mi ń fẹ́ná lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n rí epo tó ń ṣàn bọ̀ lórí sìmẹ́ńtì, tó ń tọ iná bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n da omi pa iná náà, wọ́n jókòó síta, wọn kò sì dáná mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn fi ṣú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn. Epo àti iná kì í gbé inú ilé kan.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n máa gbé lọ tí wọ́n bá gbé máṣíìnì yẹn lọ. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, oko kòkó wọn ní ọ̀nà Ìpẹ́rindó ló kù tí wọ́n ń rí bí iṣẹ́. Orúnkún wọn kò gbé wọn débẹ̀ mọ́. Tí a bá ní kí ọlọ́kadà máa gbé wọn lọ, wọ́n á ní ọlọ́kadà kì í dúró de ẹni tó fẹ́ fara balẹ̀ wo igi kòkó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Láti ìgbà tí máṣíìnì ti ń dá wọn dúró lójú ọ̀nà, tó ń rú èéfín dúdú, tó ń kú lórí òkè, wọ́n ti jáwọ́ nínú lílọ. Màmá mi ló sọ fún mi pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ṣì ń wọ bàtà oko wọn láàárọ̀. Wọ́n á wọ̀ ọ́ tán, wọ́n á jókòó síwájú ilé. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, n kò lè jẹun mọ́.

Òṣogbo ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ara máṣíìnì ni a ní, bàbá ọkọ mi ló fi sílẹ̀ fún wa. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Iléṣà ni mo wá di ẹni tó ń ta pílọ́ọ̀gì àti ṣéènì láàárín àwọn mùsùlùmí Òṣogbo. Àwọn àǹtí mi ti fi ìyẹn ṣe mí yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọkọ mi. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Tí epo bá ń dà, ó ti ga jù nínú kabúrétọ̀ ni," ó ní. "Mú abẹ́rẹ́ tuntun lọ, mú rọ́bà tó mọ́ gaara lọ. Àmọ́ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n kó o tó tú ohunkóhun. Mo mọ̀ ẹ́, o ò ní sùúrù."

Mo ní ta ni ò ní sùúrù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i.

Kí n ṣàlàyé ìwọ̀n yìí fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, nítorí kò le. Abọ́ kékeré kan wà nísàlẹ̀ kabúrétọ̀, ibẹ̀ ni epo máa ń dúró sí kí ẹ́ńjìnnì tó fà á mu. Nínú abọ́ yẹn, ohun kan wà tó ń léfòó bíi bọ́ọ̀lù inú táǹkì omi. Tí epo bá kún tó, yóò gbé abẹ́rẹ́ kan sókè láti dí ojú ihò tí epo ń gbà wọlé. Tí epo bá kéré jù nínú abọ́, ẹ́ńjìnnì á máa wá epo tì. Tó bá pọ̀ jù, epo á máa dà sílẹ̀, èéfín á dúdú, máṣíìnì á máa kú. Èèyàn ò lè rí inú abọ́ náà, nítorí náà a máa ń ti rọ́bà tó mọ́ bọ ẹnu kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, a ó tú sìkúrúù rẹ̀ díẹ̀, a ó wá gbé rọ́bà náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kabúrétọ̀. Ibi tí epo bá dúró sí nínú rọ́bà ni ó dúró sí nínú abọ́. Ó yẹ kó dúró sísàlẹ̀ díẹ̀ sí ojú ibi tí abọ́ àti ìdérí rẹ̀ ti pàdé.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ fi èyí hàn mí, kì í ṣe ọkọ mi. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára nílé ìwòsàn ni wọ́n ń lò, wọ́n á fi kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọdọọdún tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń wọn epo máṣíìnì náà, bí àwọn mìíràn ṣe ń lo oògùn ibà.

Nígbà tí mo dé Iléṣà láàárọ̀ Sátidé, wọ́n jókòó síwájú ilé pẹ̀lú bàtà oko lẹ́sẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé ìyá rẹ ti pè ọ́ wá síbi ìsìnkú?"

Màmá mi gbọ́ ọ láti inú ilé. "Ẹ jẹ́ kó jẹun kí ẹ tó máa bú mi," ni wọ́n wí.

N kò jẹun. A ti máṣíìnì jáde kúrò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, a gbé e lọ sídìí òkúta ńlá tó wà níwájú ilé. Ìdí òkúta yẹn ni ibi iṣẹ́ bàbá mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ibẹ̀ ni bàbá tiwọn náà ti máa ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe. Kò sẹ́ni tó máa ń bi wọ́n pé ibo ni kí á gbé e sí. A gbé máṣíìnì lé ìdúró rẹ̀ ńlá, èyí tó ń gbé ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. Mo ki rọ́bà bọ̀ ọ́, mo tú sìkúrúù, mo gbé rọ́bà náà sókè ní apá òsì kabúrétọ̀, níbi tí ẹnu rẹ̀ wà. Epo gun rọ́bà náà, ó mì díẹ̀, ó dúró. Ó dúró sí ibi tó yẹ kó dúró sí gan-an.

"Ṣé o rí i?" ni bàbá mi wí. "Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n níbẹ̀rẹ̀ òjò, ó ti lọ sílẹ̀. Mo tẹ ahọ́n tó ń gbé abẹ́rẹ́ díẹ̀, mo fi gbé epo náà sókè. Ibi tí mo gbé e sí ló ṣì wà yẹn."

Tí ó bá wà níbi tó yẹ, kí ló wá ń dà sílẹ̀ sí? Mo rò pé abẹ́rẹ́ ló ti jẹ. Mo tú abọ́ náà, mo yọ abẹ́rẹ́ àtijọ́, mo fi tuntun sí i, mo nu gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. A dì í padà, a wọ̀n ọ́n, ó tún dúró síbi tó dára. A tì í padà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti wò ó. Kò pẹ́ tí epo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán lórí sìmẹ́ńtì, tó, tó, tó. Màmá mi dúró sí ẹnu ọ̀nà wọn. Wọ́n wo ojú ọjọ́, wọ́n wọlé.

A tún tì í síta. Inú ti ń bí mi gidi. Oòrùn ti ń gun òkè, onírin ń bọ̀, abẹ́rẹ́ tuntun tí mo mú wá kò sì ṣe nǹkan kan. Mo bi bàbá mi bóyá kì í ṣe àwọn ni wọ́n ti tẹ ahọ́n náà bàjẹ́. Wọ́n kàn lọ jókòó padà sórí àga wọn, wọ́n tẹjú mọ́ bàtà oko wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n bú mi, ìyẹn ì bá sàn. Àánú wọn ṣe mí débi pé mo fi ẹsẹ̀ gbá táyà máṣíìnì náà, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí.

Màmá mi bu omi àti ọṣẹ sínú bàsíà, wọ́n gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kí n wẹ ọwọ́ epo kúrò kí n wá jẹun. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Omi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí bàsíà ní apá kan. Ní apá kejì, ó jìnnà sí etí dáadáa. Mo yọ ọwọ́ mi. Mo dúró kí omi náà dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wà.

"Màmá, ilẹ̀ ibí yìí mà dagun, kò tẹ́jú rárá."

"Ṣé ìsinsìnyí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀?" ni màmá mi wí. "Látìgbà tí katapílà ti wá gé iwájú ulé yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mi ò ti fọṣọ níbẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ mi ni gbogbo omi ń dà sí. Mo sọ ọ́ nígbà yẹn, ẹ ní mo ń ráhùn."

Mo wo òkúta náà. Mo wo ọ̀nà tí wọ́n ti fẹ̀ níwájú ilé, bí wọ́n ṣe gé ilẹ̀ lọ, tí òjò sì ti fọ èyí tó kù tẹ̀lé e. Òkúta dúró síbi tó wà, ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ló ti lọ, ó ti ń rọra dagun sápá ọ̀tún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Tí èèyàn bá ń rí ibì kan lójoojúmọ́, ojú kì í rí i mọ́. Máṣíìnì tí a gbé síbẹ̀ ti fì sọ́tùn-ún, apá òsì tí a ti ń wo rọ́bà wá ga sókè, epo sì dà bíi pé ó kéré. Kò kéré rárá níbẹ̀rẹ̀ òjò. Bàbá mi gbẹ́kẹ̀ lé ìdí òkúta, wọ́n gbé epo tó wà ní ìwọ̀n rẹ̀ sókè, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń dà.

Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n dìde wá, wọ́n wo bàsíà náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

"Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n máa yẹ iṣẹ́ wọn wò," ni wọ́n wí.

Ó kù kí a rí ibi tó tẹ́jú. Nínú Iléṣà tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ wá a. Wọ́n ti mú sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ dagun sí ẹnu ọ̀nà kí omi lè máa jáde. Àgbàlá ẹ̀yìn jẹ́ òkúta. Mo ń wo ọ̀tún, mo ń wo òsì, ojú mi sì bọ́ sórí ibojì bàbá àgbà.

Ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n sin bàbá bàbá mi sí, lábẹ́ igi ọsàn. Ibojì náà ga díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, ó fẹ̀, wọ́n sì fi táìsì tẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, àbúrò bàbá mi obìnrin dúró ti bíríkìlà, wọn kò jẹ́ kó mí. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí omi òjò máa dúró lé bàbá àwọn lórí ní apá kan. Bíríkìlà náà gbé lẹ́fẹ́lì tí wọ́n fi ń mọ ibi tó tẹ́jú kalẹ̀ síhìn-ín, ó gbé e kalẹ̀ sọ́hùn-ún, títí tí atẹ́gùn kékeré inú omi rẹ̀ fi dúró sí àárín. Mo rántí dáadáa, nítorí èmi ni mo ń gbé omi fún un mu.

"Orí bàbá àgbà tẹ́jú," mo ní.

Bàbá mi gbọ́ ohun tí mo ń sọ, ojú wọn yí padà. "A ò lè gbé máṣíìnì gun orí bàbá mi."

A kì í bá bàbá ẹni jiyàn lórí bàbá tiwọn. Màmá mi ló sọ̀rọ̀, màmá mi tó pe onírin fúnra wọn.

"Èmi ń sá gbágùúdá lé wọn lórí," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yin ń jókòó lé wọn lórí gba atẹ́gùn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ẹ rò pé yóò bínú sí máṣíìnì?"

Bàbá mi ṣí fìlà wọn, wọ́n lọ dúró síbi orí ibojì náà. Wọn kò gbé ohùn sókè. Wọ́n bá bàbá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbà tó ń sinmi lọ́sàn-án sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí wọ́n má bínú, wọ́n ní iṣẹ́ díẹ̀ ni, wọ́n ní ilẹ̀ tó kù ti dagun, tiwọn nìkan ló dọ́gba. Wọ́n dé fìlà padà.

"Ó yá," ni wọ́n wí.

A fi pákó ṣe ọ̀nà. Bàbá di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú, èmi ń tì í lẹ́yìn, màmá mi náà ṣán ìró wọn mọ́ ìdí, wọ́n wá ti èjìká bọ̀ ọ́. Wọ́n ń ti ohun tí wọ́n ti tà lọ́kàn wọn. Nígbà tí a gbé e lé ìdúró rẹ̀, ó dúró ṣánṣán, kò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kankan. Mo ki rọ́bà bọ̀ ọ́. Epo gun un, ó kọjá ojú ìlà tí abọ́ àti ìdérí ti pàdé, ó ṣì ń lọ sókè, ó wá dúró síbi tó ga dáadáa ju bó ṣe yẹ lọ.

Bàbá mi wọ awò ojú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó. "Ó ga," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. Ara tù mí, mo jókòó ti bàbá àgbà níbẹ̀. Inú mi dùn sí epo tó ga jù. Aṣiṣe tí a ti rí, a lè tún un ṣe.

Bàbá ló tú abọ́ náà fúnra wọn. Wọ́n tẹ ahọ́n náà padà díẹ̀ báyìí. A dì í, a jẹ́ kí epo kún inú rẹ̀, a wọ̀n ọ́n. Ó dúró sísàlẹ̀ ìlà náà. A wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, kì í ṣe nítorí pé ó yẹ, nítorí pé ó dùn ún wò ni.

A ti máṣíìnì padà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá mi wọlé lọ mú tíréè funfun olódòdó tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò, wọ́n gbé e sábẹ́ máṣíìnì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbé àga tì í, wọ́n jókòó, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́. Ìgbà tí ọmọlanke onírin dún níwájú ilé ni wọ́n tó dìde. Wọ́n gbé tíréè náà, wọ́n fi ìka ra inú rẹ̀, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Èmi àti Bàbá ń wo imú wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni wọ́n wí fún onírin. "Páànù kan wà lẹ́yìn ulé, ẹ bá mi kó o lọ."

Ọkùnrin náà yọ orí wo inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Máṣíìnì ńkọ́, Mọ̀ọ́mì?"

"Ó níṣẹ́," ni màmá mi wí.

Bàbá mi kò dúró gbọ́ ìyókù. Wọ́n ti wọ bàtà oko láti àárọ̀, kò sí ohun tí wọ́n tún fẹ́ wọ̀. Wọ́n ta ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀, ó dáhùn, wọ́n sì gba ọ̀nà Ìpẹ́rindó lọ. Èmi àti màmá mi fi omi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ táyà kúrò lórí táìsì bàbá àgbà, a nù ún gbẹ, a jókòó síbẹ̀. Màmá mi ń bá mi sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mi, ṣùgbọ́n etí wọn wà lójú ọ̀nà. Nígbà tí oòrùn ti rọ̀, a gbọ́ máṣíìnì náà nísàlẹ̀ òkè, níbi tó ti máa ń kú. Màmá mi dákẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ìró náà gun òkè wá, kò já, kò kú. Wọ́n mí kanlẹ̀. Èmi náà mí kanlẹ̀.

Bàbá gbé èso kòkó kan tó ti pọ́n wá fún mi, bí ẹni ra nǹkan bọ̀ láti ìrìnàjò. Tíréè olódòdó yẹn náà ni màmá mi fọ̀ tí wọ́n fi gbé oúnjẹ wá fún wọn lábẹ́ igi ọsàn. Bàbá jẹ díẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ gbá táìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

"Tó bá kan èmi náà," ni wọ́n wí fún mi, "rí i pé bíríkìlà mú lẹ́fẹ́lì wá. Kí ẹ lè máa rí ibi tí ẹ ó ti wọn epo yín."

"Ẹ jẹun," ni màmá mi wí, "ó ń tutù."